Ọgbọ́n Ju Agbára: Bí Bátìrì Kọ̀ǹpútà Wa Ṣe Lè Pẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ ní Zongo. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó wà ní Terminale ń kọ iṣẹ́ tí yóò fi lé mi lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kú kí wákàtí 2 tó pé, iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ. Ó ní bátìrì ti gbó. Nígbà tí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ìnákúnàá ni a rí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Iye agbára tí bátìrì lè gbà sábà máa ń wà lára rẹ̀, Wh ni a fi ń kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ 40 Wh, tí kọ̀ǹpútà sì ń jẹ wáàtì 20, wákàtí 2 péré ni. Bí a bá dín in kù sí wáàtì 10, ó di wákàtí 4. Bátìrì kan náà ni!

Ojú kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí ó ń jẹ iná jù. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù dé ibi tí ẹ ṣì ti lè kàwé láìni ojú lára. Bí ẹ kò bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tan «mode avion». Ẹ ti fídíò àti ojú ewé tí ẹ kò kà mọ́, ẹ yọ clé USB, kí ẹ sì tan «économiseur de batterie». Bí ẹ bá fẹ́ sinmi fún ìgbà pípẹ́, ẹ yan «veille prolongée»: ó ń tọ́jú iṣẹ́ yín, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná rárá. «Veille» lásán ṣì ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ooru ni ọ̀tá bátìrì lithium. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ọdún, tí oòrùn Parakou ń jóni, ẹ má ṣe fi kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ tí a tì pa, ẹ má sì gbé e lé orí tìmùtìmù tí yóò dí ihò atẹ́gùn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí iná bá dúró, ẹ jẹ́ kí bátìrì wà láàárín ìdá 20 sí 80 nínú 100. Yóò pẹ́ kí ó tó gbó. Ṣùgbọ́n bí délestage bá ń bọ̀, ẹ gba iná kún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ra bátìrì tuntun. Nígbà tí iná tún lọ, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́ ní òwúrọ̀. Àwọn àgbà ti wí i: ọgbọ́n ju agbára.