Barbados kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ ojú ọ̀nà ń béèrè

Barbados wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí ọmọ Nàìjíríà lè wọ̀ láì kọ́kọ́ gba físà. Erékùṣù kékeré náà, tó wà ní agbègbè Caribbean, fi ààyè sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà tó bá wá ṣe àbẹ̀wò láti lò tó oṣù mẹ́fà.

Ìròyìn ayọ̀ gidi ni èyí fún ẹni tó ti san owó físà Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n sì já a kulẹ̀. Abájọ tí àwọn ẹ́jẹ́ńtì ìrìnàjò fi ń polówó rẹ̀ lórí ayélujára pé kò sí físà, kò sí wàhálà.

Àmọ́ ìdajì òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Físà tí Barbados kò béèrè, ẹlòmíràn ló ń béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ èyí kó tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì, pápákọ̀ òfuurufú Èkó ni wọ́n ti máa dá a padà sílé, owó rẹ̀ á sì wọgbó.

Ilẹ̀kùn ṣí, àmọ́ ta ló ni ọ̀nà?

Láti Èkó sí Bridgetown, tó jẹ́ olú-ìlú Barbados, kò ju nǹkan bíi 7,000 kìlómítà lọ tí báálù bá gba orí òkun Atlantic tààrà. Àmọ́ kò sí báálù tó ń ná ọ̀nà náà déédéé. Ńṣe ni arìnrìnàjò máa kọ́kọ́ lọ sí òkè, bíi 5,000 kìlómítà sí London, kó tó wá yí padà gba orí òkun fún bíi 7,000 kìlómítà mìíràn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ pààrọ̀ báálù ní Heathrow, bí kò tilẹ̀ ní fi ẹsẹ̀ kan ìta pápákọ̀. Àyàfi tó bá ti ní àwọn físà kan lọ́wọ́, bíi ti Amẹ́ríkà tàbí Canada.

Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen náà ní òfin tiwọn. Orílẹ̀-èdè 12 ló wà nínú ìwé wọn tí ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà pápákọ̀ kó tó lè pààrọ̀ báálù ní Amsterdam, Paris tàbí Frankfurt. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Ghana náà wà níbẹ̀.

Ní ti Amẹ́ríkà, kò sí pé èèyàn kàn ń kọjá lọ. Ẹni tó bá máa lo wákàtí kan péré ní pápákọ̀ Miami máa kọjá níwájú aṣọ́bodè, ó sì gbọ́dọ̀ ní físà.

Nígbà náà, ta gan-an ló ń jẹ àǹfààní pé Barbados kò béèrè físà? Ẹni tó ti ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílé tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tí kò ní, tí wọ́n torí rẹ̀ polówó, ìta ló wà síbẹ̀.

'Láì gba físà' kò túmọ̀ sí 'láì béèrè nǹkan kan'

Kódà ẹni tó bá rí ọ̀nà dé Bridgetown kò tíì wọlé. Aṣọ́bodè máa béèrè ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì lọ, tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀, àdírẹ́sì ibi tó fẹ́ dé sí, àti ẹ̀rí pé owó tó máa ná wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tún gbọ́dọ̀ mú káàdì àjẹsára ibà apọ́njú dání, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní yẹ́lò káàdì, torí pé Nàìjíríà wà lára ibi tí àìsàn náà ti lè ràn. Káàdì tí wọ́n rà láì gba abẹ́rẹ́ lè di ẹ̀rù ẹjọ́ sí èèyàn lọ́rùn.

Aṣọ́bodè ló máa pinnu iye ọjọ́ tí àlejò máa lò. Oṣù mẹ́fà ni òpin, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Àlejò kò sì láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gba owó. Ẹ́jẹ́ńtì tó bá ń sọ fún oníbàárà pé kó kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò, pé iṣẹ́ á yọjú tó bá débẹ̀, ọ̀fìn ló ń tì í sí.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Antigua

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Antigua ti fi hàn bí ọ̀fìn náà ṣe jìn tó. Ní ìparí ọdún 2022, báálù àkànṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ìrìnàjò afẹ́ ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ̀ ọ́ jẹ́ ọmọ Cameroon tó ń sá fún ogun ní agbègbè tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì rò pé wọ́n lè ti ibẹ̀ dé Amẹ́ríkà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọ̀nà dí mọ́ wọn. Owó tán, iṣẹ́ kò sí. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó gbé èèyàn tó lé ní 30 kúrò ní Antigua dànù sínú òkun nítòsí Saint Kitts. Èèyàn 16 ni wọ́n rí yọ láàyè.

Àwọn tó kú yẹn kò kú torí pé wọ́n jẹ́ ọ̀daràn. Ìrètí tí wọ́n tà fún wọn kò ní ìsàlẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe ti arìnrìnàjò nìkan

Àwọn olórí Áfíríkà àti ti Caribbean ti ń sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan. Ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2021 ni wọ́n ṣe ìpàdé àpapọ̀ wọn àkọ́kọ́, orí ẹ̀rọ ayélujára sì ni wọ́n ti ṣe é. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu lọ sí Saint Lucia, níbi tó ti dábàá pé kí wọ́n mú físà kúrò fún àwọn tó ní ìwé ìrìnnà aṣojú ìjọba àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ìgbésẹ̀ rere ni. Àmọ́ oníṣòwò aṣọ ní ọjà Balógun kò ní irú ìwé ìrìnnà bẹ́ẹ̀. Ti aláwọ̀ ewé ló ní.

Àwọn kan ní èrò kò pọ̀ tó láti kún báálù, àti pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe ilé àánú. Òótọ́ ni. Èèyàn Barbados kò tó 300,000. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ ẹ, ó ṣeé ṣe: ní oṣù Kejìlá, ọdún 2020, báálù Air Peace gbéra ní Èkó, ó sì balẹ̀ tààrà sí Montego Bay ní Jamaica. Tí báálù kan bá ń dúró ní erékùṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí ó sì ń ṣí láti Èkó àti Accra, èrò á pọ̀ ju ti erékùṣù kan ṣoṣo lọ.

Àwọn mìíràn ní àwọn erékùṣù náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Antigua. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Ìdí rèé tó fi yẹ kí ìjọba Nàìjíríà máa yẹ ìwé àṣẹ àwọn ẹ́jẹ́ńtì wò, kó sì fìyà jẹ ẹni tó bá ń fi àbẹ̀wò bo ìkólọ mọ́lẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí yìí á tì láìpẹ́.

Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni ti Trinidad. Wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ògún níbẹ̀, àwọn orin ilẹ̀ Yorùbá ṣì wà lẹ́nu àwọn olórìṣà wọn. Síbẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá fẹ́ lọ kí wọn gbọ́dọ̀ gba físà Trinidad, kó sì tún wá físà ojú ọ̀nà.

Títí tí ọ̀nà tààrà yóò fi là, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ má wo ibi tó ń lọ nìkan. Kó wo gbogbo ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa gbà kọjá, kó sì bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú léèrè kó tó sanwó.

Àwọn àgbà ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ọkọ̀ tó kó àwọn baba ńlá àwọn ará Caribbean lọ kò ya London kó tó gba òkun kọjá. Kò yẹ kó jẹ́ pé àwọn ọmọ ìyá tó fẹ́ lọ kí ara wọn lónìí ni yóò máa tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.