Bátìrì Tí Kì í Gba Iná

Ní oṣù yìí, n kò ní sọ̀rọ̀ lórí ogún pínpín tàbí ẹ̀kọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ má ṣe rò pé ojú ewé yìí ti ṣìnà o. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́kọ́ja àti ní àwọn ìlú etí odò mìíràn ni oúnjẹ òòjọ́ wa so mọ́ ọkọ̀ ojú omi, àwọn tí kò sì ní ọkọ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà àti òde ìyàwó.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ọkọ̀ kan tí ó fi ń gbé èrò láti Lọ́kọ́ja lọ sí Shintaku ní òdìkejì Odò Ọya. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó ní sítátà, bátìrì tí ń yí sítátà yìí náà ni ó sì ń tan iná iwájú ọkọ̀. Láàárín ọdún kan, ó ra bátìrì mẹ́ta. Ìgbàkígbà tí èyí tí ó wà níbẹ̀ bá kú, réwáyà rẹ̀ a ní kí ó lọ ra òmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàríbí, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní àárín odò. Sítátà kò yí. Iná kò tàn. Okùn tí à ń fà láti fi jí ẹ́ńjìnnì ti já tipẹ́, kò sì sí ẹni tí ó rántí láti pààrọ̀ rẹ̀. Omi ń gbé wọn lọ nínú òkùnkùn, àwọn obìnrin mẹ́rin àti ọmọ ọwọ́ kan wà nínú ọkọ̀. Apẹja kan tí ó gbọ́ igbe wọn ni Ọlọ́hun fi kó wọn yọ.

“Tíṣà, bátìrì tuntun ni o!” Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún mi nìyẹn. Bátìrì tuntun ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò tuntun tí a kò pọnmi sí, kí ni ó fẹ́ fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ mu?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iná ṣe ń dé inú bátìrì. Òòfà wà nínú fláíwíìlì, ìyẹn àgbá irin tí ń yí lórí ẹ́ńjìnnì. Kọ́ìlì, tí í ṣe wáyà bàbà tí a ká jọ, jókòó lábẹ́ rẹ̀. Bí òòfà bá ti ń sáré kọjá lórí kọ́ìlì, iná yóò jáde, ṣùgbọ́n iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni, bátìrì kò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀. Rẹ́kítífáyà ni ó ń sọ ọ́ di iná tí ń gba ojú kan ṣoṣo lọ. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba inú fíúsì kọjá sínú bátìrì.

Mítà ni ẹ óò fi mọ ibi tí ọ̀nà ti dí. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, yóò fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn. Ẹ wá jí ẹ́ńjìnnì nínú omi, kí ẹ fún un níná díẹ̀. Bí mítà bá gòkè sí àárín 13.5 àti 14.5, kò sí wàhálà. Bí kò bá kúrò lójú kan, tàbí tí ó ń wálẹ̀, iná kò wọlé. Bí ó bá kọjá 15, iná ti pọ̀ jù, omi inú bátìrì yóò sì máa hó gbẹ. Èyí wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní ohun tí ń díwọ̀n iná.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì àti orí bátìrì. Ẹ ha gbogbo ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé kúrò, kí ẹ sì fi sípánà fún nọ́ọ̀tì le dáadáa. Nọ́ọ̀tì elétí tí à ń fi ọwọ́ fún máa ń tú bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n. Ibi tí ọ̀pọ̀ àìsàn yìí ń parí sí nìyẹn. Ti àna mi kò parí síbẹ̀. Kọ́ìlì rẹ̀ pé, kò sì kan ara ẹ́ńjìnnì níbikíbi. Rẹ́kítífáyà ni a wá dán wò: ó yẹ kí iná mítà kọjá nínú rẹ̀ ní ìhà kan, kí ó má kọjá ní ìhà kejì. Tirẹ̀ kò jẹ́ kí iná kọjá ní ìhà kankan. Ó ti jó.

Ta ni ó jó o? Ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ náà a tú wáyà bátìrì, a sì gbé bátìrì náà lọ jí ọkọ̀ kejì. Kò mọ̀ pé bí a bá yọ bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, iná kò ní ibi tí yóò forí lé mọ́, rẹ́kítífáyà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bákan náà ni bí a bá gbé wáyà pupa sí ibi tí ti dúdú yẹ kí ó wà. Rẹ́kítífáyà tuntun tí a rà kò tó ìdajì owó bátìrì kan.

Síbẹ̀, bátìrì náà tún ń rọ. Iná iwájú méjì ni ó gbé síbẹ̀, wáàtì 55 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì ń mu nǹkan bí ámíìpù 9. Ámíìpù 6 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè mú wá, ìyẹn nígbà tí ó bá ń sáré tagbára-tagbára. A fi iná LED rọ́pò wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó lé ní 100 ènìyàn tí ó bá omi lọ ní agbègbè Pategi, bí wọ́n ti ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ní òru. Bátìrì kọ́ ni ó fa ìyẹn. Èrò tí ó pọ̀ jù wà níbẹ̀, òkùnkùn náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí awakọ̀ ń wí pé Ọlọ́hun yóò ṣọ́ wa, nígbà tí kò sí àjẹ̀ kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ràkúnmí tí wọ́n ní kí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ so mọ́lẹ̀.

Àna mi ti ra mítà tirẹ̀. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni ó ń yẹ bátìrì wò. Okùn tuntun sì ti wà lórí ẹ́ńjìnnì náà. Èmi fúnra mi ni mo fà á wò.