Ta Ló Tún Lífítì Yẹn Ṣe?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lífítì já lulẹ̀ nílé tí àwọn dókítà ń gbé ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Ọ̀dàn, ní Erékùṣù Èkó. Dókítà Vwaere Diaso, ọ̀dọ́mọbìnrin tó kù díẹ̀ kó parí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, wà nínú rẹ̀. Ó kú. Ìjọba dá ọ̀gá àjọ tó ń bójú tó dúkìá ìpínlẹ̀ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ kí ìbéèrè kan ṣáájú èyí: ta ló fọwọ́ kan lífítì náà kẹ́yìn, ta ló sì fún un láṣẹ?

Lọ́dún 1854 ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan, Elisha Otis, dúró sórí pèpéle lífítì ní New York, tó ní kí wọ́n gé okùn tó gbé e sókè. Okùn já, pèpéle ò jábọ́. Láti ìgbà yẹn, ayé ti mọ bí irin ṣe lè di lífítì mú bí okùn bá já. Bí ó bá wá já pa ènìyàn lónìí, kì í ṣe ọgbọ́n ló wọ́n, àtúnṣe ni kò péye.

Bíréèkì ń jẹ, okùn irin ń gbó. Ewu tó tún burú ni ti mẹkáníìkì tó ń kánjú, tó so wáyà méjì pọ̀ kó lè fo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Lífítì á máa lọ, onílé á máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó lè gbéra nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀.

Òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà ní kí wọ́n máa yẹ lífítì wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni òfin náà kàn. Kò dé ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n bá kọ́ sí Ifákọ̀, níbi tí arúgbó àti aboyún ò ti lè gun àtẹ̀gùn. Awakọ̀ dánfó ń lọ gba ẹ̀kọ́ ní LASDRI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ ti ìjọba Èkó, NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò iná mànàmáná, sì ń dán oníná mànàmáná wò. Ẹni tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárín òfuurufú ńkọ́?

Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2002 ti sọ ọ́ di dandan kí mẹkáníìkì lífítì gba ìwé àṣẹ lórúkọ ara rẹ̀. Orúkọ yẹn ni pàtàkì ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kò ní rọ́nà sá, a sì lè gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá ní kí Èkó náà ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ní owó orí míì nìyẹn, àti pé ó máa lé àwọn tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Nítorí náà, kí ìdánwò ìwé àṣẹ náà jẹ́ ti ọwọ́, níwájú lífítì gan-an, kí wọ́n sì gbà á ní èdè Yorùbá lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Kí owó rẹ̀ má wọ́n.

Ọwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ni èyí wà. Kí wọ́n ṣe òfin náà, kí wọ́n sì pàṣẹ pé kí orúkọ mẹkáníìkì àti ọjọ́ tó tún un ṣe kẹ́yìn wà lára ògiri inú gbogbo lífítì.