Ẹ Má Gbé Májèlé Kalẹ̀ Fún Ajá Ọjà

Ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ àti ti omi ẹ̀rọ tó bàjẹ́ wà ní ojú ewé kejì. Èyí tó wà níbí lónìí, ọ̀rọ̀ ajá ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ajá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé wa ká, gbogbo ẹni tó wá ló rí i. Wọ́n ní kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà (₦500), kí a fi ra májèlé, kí a pò ó mọ́ ẹran, kí a lọ dà á sí ẹ̀yìn odò ẹran lálẹ́, pé kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo ajá á ti kú tán. Àwọn kan pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ní àwọn ò ní bá wọn lọ́wọ́ sí i. Alága wá ní kí a sún un di ìpàdé tó ń bọ̀, kí a kọ ohun tí ìgbìmọ̀ rò sínú ìwé yìí, kí oníkálukú kà á, tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Ohun tí àwa rò ni pé kí a má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ajá bu ọmọ ọdún méje jẹ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn oníṣu, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn aláta wa. Ó dun gbogbo wa. Àwọn ọmọkùnrin gáréèjì lé ajá náà, wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa, wọ́n sì gbé e jù sínú gọ́tà. A pàtẹ́wọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ọmọ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà bi í ni pé, "Ajá náà ńkọ́?" Ajá ti kú, òjò sì ti wọ́ ọ lọ.

Dókítà wá ṣàlàyé fún un. Ajá tó bá bu èèyàn jẹ, tí ó bá ṣeé mú láìsí ewu, ńṣe ni kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tí kò bá kú, tí ìwà rẹ̀ kò yí padà, tí ó ń jẹ tí ó ń mu, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ. Kì í ṣe pé kí wọ́n jókòó ti ọmọ fún ọjọ́ mẹ́wàá o! Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí ara ajá bá le títí di ọjọ́ kẹwàá, dókítà lè ní kí ìyókù dúró. Nígbà tí kò sí ajá tí wọ́n máa wò mọ́, ọmọ gbọ́dọ̀ gba gbogbo rẹ̀ pé. Owó tí ìyá rẹ̀ tọ́jú láti fi ra àpò ata ló bá abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn tó bá a dá owó mọ ara wọn, Ọlọ́run á san án fún yín.

Dìgbòlugi kì í ṣe àìsàn eré. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́ta (59,000) èèyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún lágbàáyé, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà, àti pé ajá ló ń kó o ran èèyàn nínú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ó ń pa, mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èèyàn, tí onítọ̀hún ti ń sá fún omi, kò sí oògùn mọ́. Nítorí náà, kí ó tó dé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Tí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo aago o, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má jó irun ajá lé e lórí. A mọ̀ pé ohun tí ìyá wa àgbà ń ṣe nìyẹn. Kò sí abẹ́rẹ́ nítòsí wọn nígbà náà, ó wà nítòsí tiwa.

Ẹni tó bá ka ibi tí a dé yìí lè sọ pé, ó dáa, tó bá burú tó báyẹn, kí ló dé tí a ò kúkú pa gbogbo wọn? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ ní erékùṣù Bali, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, nígbà tí dìgbòlugi wọ ibẹ̀ lọ́dún 2008. Ìjọba gbé májèlé kalẹ̀, ajá kú lọ súà. Àìsàn ò kú. Ńṣe ló ń lọ láti àdúgbò kan sí èkejì, nítorí àwọn tó fẹ́ràn ajá wọn ń gbé e sá pamọ́ lọ sí ibòmíràn, ajá tó sì ti gba abẹ́rẹ́ ń kú pọ̀ mọ́ èyí tí kò gbà. Ìgbà tí wọ́n yí ọwọ́ padà lọ́dún 2010, tí wọ́n ń gún ajá lábẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri erékùṣù náà, ni iye èèyàn tó ń kú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Goa, ní Íńdíà, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn bá ìjọba ṣe é. Wọ́n ń fi àwọ̀n mú ajá ìgboro, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á fi ọ̀dà kùn ún lórí kí wọ́n má baà tún un gún, wọ́n á sì jẹ́ kó máa lọ. Lọ́dún 2021, wọ́n kéde pé Goa ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Íńdíà tó ká dìgbòlugi lápá kò. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé, bí méje nínú ajá mẹ́wàá bá ti gba abẹ́rẹ́ ládùúgbò, àìsàn náà ò ní rọ́nà gbà mọ́.

Ẹ tún wo ọjà tiwa. Kí ló ń kó ajá wá síbí? Ìfun tí wọ́n dà sílẹ̀ ní odò ẹran ni, àti egungun, àti ààtàn tí wọn kì í kó. Tí a bá pa ogún lónìí, tí ìfun ṣì wà nílẹ̀, ogún míì á ti òdì kejì odò wá jẹ ẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ yẹn ò mọ̀ wá, àwa náà ò mọ̀ wọ́n. Nǹkan bí oṣù méjì ni abo ajá fi ń lóyún, ó lè bí mẹ́rin, ó lè bí mẹ́jọ, ó sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Májèlé wo ló fẹ́ lé ìyẹn bá? Ká má tíì wá sọ ti àwọn ọmọ ajá tí èèyàn ń dì sínú àpò sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ń gbé jù sí ẹ̀yìn ọjà lóru. Kì í ṣe ará ìta nìkan ló ń ṣe é. Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tó mọ̀ pé àwọn ni à ń bá wí.

Májèlé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọta-pia-pia yẹn, tí a bá dà á sí ilẹ̀ lálẹ́, ṣé a ó kọ ọ́ sí i lára pé ajá nìkan ni kó jẹ ẹ́? Adìẹ ń jẹ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ̀ níbẹ̀, ọmọ tí ń rákò wà lẹ́yìn ìsọ̀. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta irú oògùn yẹn nínú ìgò kékeré ní ọjà mọ́, nítorí ẹ̀mí tó ń bá a lọ. Àwa tí ìjọba ní kí a má tà á, àwa la tún fẹ́ máa dá owó rà á? Òfin ilẹ̀ yìí pàápàá ò fàyè gba ìyà jíjẹ ẹran. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tàbí owó ìtanràn àádọ́ta náírà (₦50). Ẹ gbà wá o, owó tí kò ra ata wẹ́wẹ́ mọ́! Àwọn lọ́ọ̀yà á tún un ṣe lọ́jọ́ kan.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti àwọn ìyá tó ń ta ẹran. Ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá gbọ́ nígboro pé wọ́n po májèlé mọ́ ẹran ní ọjà wa, ta ni yóò tún wá ra ẹran lọ́wọ́ yín? Kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ pé ti ajá ni. Kọ́sítọ́mà tí ẹ fi ogún ọdún kó jọ á rìn lọ sí ọjà kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ti àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ń rí tó ń fi okùn mú ajá kiri lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ, wọ́n ní ọmọ tí kò níṣẹ́ ló ń wẹ̀ fún ajá. Irọ́ ni. Ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan ń tún ọ̀kadà ṣe, àwọn tó kù ṣì ń lọ sílé ìwé. Dókítà ẹran kan ló ń tọ́ wọn sọ́nà láìgbowó. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Àgbàlá ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán ni wọ́n ń lò, onílé ló yọ̀ǹda rẹ̀. Ìgbìmọ̀ lọ síbẹ̀, a fi ojú ara wa rí i. Tí wọ́n bá mú ajá wá, wọ́n á so ó lọ́tọ̀, wọ́n á wò ó fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún un ní oògùn aràn, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́wọ́ eégbọn. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Tí owó bá wà, wọ́n á gbé e lọ kí wọ́n tẹ akọ lọ́dàá, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kó má bímọ mọ́. Owó kì í sábà sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n máa wá ẹni tó fẹ́ ajá.

Wọn kì í kàn fún èèyàn bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n á lọ wo ilé rẹ, wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní ọgbà, ohun tí o máa fún un jẹ, àti ẹni tó máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan bínú nínú wa, ó ní ṣé ọmọ òun làwọn fẹ́ gbé fún òun ni. Àwa rò pé wọ́n ṣe é dáadáa. Mẹ́ta nínú ajá wọn ló ń ṣọ́ ilé tí àwọn oníṣu ń kó ẹrù sí. Ẹ bi àwọn oníṣu bóyá olè tún ti jálẹ̀kùn wọn láti ìgbà náà.

Àwọn kan ní, ta ló mọ̀ bóyá ńṣe ni wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń jẹ ajá? Ìbéèrè gidi ni, nítorí àwọn tó ń jẹ ẹ́ wà, ẹran Ògún sì ni ajá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, orúkọ ẹni tó gba ajá kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. A mú mẹ́rin nínú rẹ̀, a sì lọ sílé wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ fẹ́ bu akápò wa jẹ.

Àwọn àlájà wa kan sì ní àwọn ò lè gba ajá sí ilé tí àwọn ti ń kírun. A ò ní kí ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n nínú hàdíìsì náà ni a ti gbọ́ ìtàn ẹni tó wọ inú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run sì fi orí jì í. Ẹni tí kò lè gba ajá sílé lè fi owó abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú iṣẹ́ yìí wà. Ní Èkó, dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Mark Ofua dá ilé kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Wọ́n ń gba ajá àti ológbò ìgboro, wọ́n sì tún ń gba ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ní Ìbàdàn níbí, ilé ìwòsàn ẹran ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá, ti Yunifásítì náà sì wà. Kò sí pé a ò rí ibi gbé ajá lọ.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ máa gbé wá sí ìpàdé rèé. Kí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà yẹn ṣì wà, ṣùgbọ́n kí a fi ra abẹ́rẹ́ dípò májèlé, kí akápò san án tààrà fún dókítà, kí owó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Kí àwọn alápatà gbẹ́ kòtò, kí wọ́n máa bo ìfun mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí wọn ò bá ṣe èyí, asán ni gbogbo ìyókù, a ti sọ ọ́ fún wọn, a ó sì tún sọ ọ́. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá bímọ, kó wá sọ fún wa, kó má gbé e jù. Bí ajá kan bá ń ṣe bákan, tó ń da itọ́, tó ń bu ohun tí kò ṣe é jẹ, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má sọ ọ́ lókò, ẹ kó ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngán wa. Ẹni tó bá fẹ́ ajá tí yóò máa ṣọ́ ìsọ̀ tàbí ilé, kó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kó tó di ọjọ́ náà. Abo méjì àti akọ kan ló wà nílẹ̀ báyìí, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́. Ẹ mú okùn tiyín dání.