Okùn Fáíbà Kì Í Ṣe Ti Ilé-Iṣẹ́ Nìkan

Wọ́n tún ti gbẹ́lẹ̀, wọ́n tún ti gé wáyà, àdúgbò kan tún ti dákẹ́ lórí fóònù. Àjọ NCC tó ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà sọ pé láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìgbà tó lé ní 19,000 ni okùn fáíbà já lórílẹ̀-èdè yìí. Bí a bá pín in sí ojúmọ́, ó sún mọ́ 80 lójoojúmọ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìgbà tó lé ní 3,000 tí àwọn olè jí ẹrù ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ gbé: bátìrì, jẹnẹrétọ̀, sólà, wáyà iná, títí dé epo dísù. Nígbà tí àjọ náà sì ń dárúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí olè yìí ti gbilẹ̀, Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Èkìtì wà nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀nà jíjìn ni. Síbẹ̀, olè gan-an kọ́ ló ń bí ni nínú jù. Olè ti wà tipẹ́. Ohun tó ń bí ni nínú ni ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọlúàbí, àwọn tí kò mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíì rí, nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé wáyà ti já: "Ti ilé-iṣẹ́ ni, kò kàn mí. Wọ́n lówó, kí wọ́n lọ tún un ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn ni igbó tí olè ń sá pamọ́ sí, ó sì tó àkókò kí a ro ó kúrò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù ń gbà láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́. Afẹ́fẹ́ kò gbé e kọjá òpó tó wà nítòsí ẹni. Àwọn òpó kan máa ń ju ọ̀rọ̀ síra wọn lójú òfurufú, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, gbogbo rẹ̀ ń wọlẹ̀ bọ́ sínú fáíbà, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n fà tín-ín-rín bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ohùn ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀, owó tí oníṣòwò fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ọjà fún un, nọ́ńbà tí báńkì fẹ́ kí o tẹ̀ kí owó tó jáde, inú gíláàsì kan náà ni gbogbo wọn ń bá lọ. Bí ọkọ́ bá kàn án, òpó yóò ṣì dúró lóòró rẹ̀, iná orí rẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú, fóònù pàápàá lè máa fi hàn pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, ṣùgbọ́n dátà kò ní ṣí, ìpè kò ní wọlé. Okùn ńlá kan ṣoṣo sì lè gbé ẹrù ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpó. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024, àwọn oníbàárà MTN káàkiri Nàìjíríà kò rí ìpè ṣe fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé fáíbà ló já níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, àwọn okùn abẹ́ òkun bíi WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne já nítòsí Àbíjàn. Láti Côte d'Ivoire títí dé Gánà, orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà ni íntánẹ́ẹ̀tì ti wó lulẹ̀, àwọn báńkì wa ń bẹ oníbàárà. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, níbi tí ọkọ́ ẹnikẹ́ni kò dé. Èyí tí a ń fi ọwọ́ ara wa gé lórí ilẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wá jẹ́ ká bi ẹni tó ní kò kan òun pé: ti ta ni òpó tó wà lẹ́yìn ilé rẹ? Yóò ní ti MTN, tàbí ti Airtel. Irọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi IHS àti ATC ló ni ọ̀pọ̀ òpó yẹn, àwọn oní-nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kàn ń háyà rẹ̀ ni, ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sì lè jọ wà lórí ẹyọ kan. Nítorí náà, olè tó gbé bátìrì òpó "MTN" ti mú Airtel aládùúgbò rẹ̀ dákẹ́ pẹ̀lú, ẹni tó sì rò pé síìmù méjì lòun ní kò ní rí ọ̀kan lò. Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́, "wọ́n lówó" tí ẹ fi ń ṣe orin? MTN sọ ọ́ síta pé láàárín 2022 sí 2023, owó tó lé ní bílíọ̀nù 11 náírà ni òun ná láti hú 2,500 kìlómítà fáíbà kúrò níbi tí wọ́n ti ń gé e, kí òun tún lọ rì í síbòmíràn, àti pé owó yẹn ìbá tó fa fáíbà tuntun tó gùn tó 870 kìlómítà. Ẹ ro ìyẹn wò dáadáa. Ó gùn ju kí ènìyàn lọ láti Èkó sí Ìlọrin lọ-bọ̀. Àwọn abúlé tí wọ́n ṣì ń gun orí àpáta kí wọ́n tó rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni okùn tuntun yẹn ìbá dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àtúnṣe ló gbé e jẹ. Àdánù náà kì í sì í dúró lọ́rùn ilé-iṣẹ́. Ní 2024, àdánù MTN Nàìjíríà lé ní bílíọ̀nù 400 náírà; bí náírà ṣe já wálẹ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún owó ìpè àti dátà títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tó lè sọ pé fáíbà gígé nìkan ló mú ìyẹn wá, nítorí dọ́là àti owó dísù wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àdánù náà pẹ̀kun sí. Láti ibikíbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀, àpò ẹni tó ń ra káàdì ló ń sùn sí.

Ẹ gbé èrò "kò kàn mí" yìí lọ síbòmíràn, ẹ ó rí i bó ṣe rí. Bí olè bá tú bàbà inú tiransífọ́mà àdúgbò lóru, kò sí onílé tó máa ń sọ pé ti ilé-iṣẹ́ iná ni. Igbe ni gbogbo wọn ń fi ta, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ni yóò dá owó òmíràn, àwọn ni yóò sì jókòó sínú òkùnkùn títí owó náà yóò fi pé. Bí wọ́n bá tú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, èrò inú ọkọ̀ ló máa ṣubú, kì í ṣe mínísítà. Bí wọ́n bá gé irin ẹ̀gbẹ́ afárá lọ tà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ máa já sínú ọ̀sà kò ní jẹ́ kọmíṣọ́nà. Láyé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, kí GSM tó dé ní 2001, wáyà bàbà orí òpó ni wọ́n ń gé tà, àwọn aládùúgbò sì ń wò wọ́n pé ti ìjọba ni; lára ohun tó sọ fóònù inú ilé di ọ̀ṣọ́ orí tábìlì nìyẹn. Gbogbo ìwọ̀nyí yé wa kedere lónìí. Èé ṣe tí ti fáíbà kò fi yé wa? Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn gba owó àtúnṣe fáíbà. Owó tiransífọ́mà, alága ẹgbẹ́ onílé ló ń kó ìwé kiri gbà á, o sì mọ iye tí o dá. Owó fáíbà, inú dátà tí o rà láàárọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, tí o kò sì gbọ́. Owó tí a kò rí nígbà tó ń lọ ni a ń pè ní owó ẹlòmíì.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Jẹ́ kí ojú wọn já a. Àwọn náà ń rẹ́ wa jẹ. Dátà tí mo rà lánàá ti tán, n kò sì wo nǹkan kan." Ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe àsọdùn, àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í sì í ṣe áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí sí alágbàtà omi, tó wá lọ da kẹrosíìnì sínú kànga tí gbogbo àdúgbò ń mu, ta ló fìyà jẹ? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú ilé-iṣẹ́ ńlá wà, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí. Ní 2015, NCC bu owó ìtanràn lé MTN lórí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí wọn kò fi orúkọ sílẹ̀ bó ti yẹ. Owó náà kọ́kọ́ lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ní 2016 wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 330, ilé-iṣẹ́ náà sì san án. Òfin ló gba ìyẹn, ọkọ́ kọ́. Bí wọ́n bá gé owó rẹ tí kò sì yé ọ, kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ náà, kí o gba nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, pe 622 ti NCC, ọ̀fẹ́ ni. Àjọ náà tilẹ̀ ti pàṣẹ pé bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dákẹ́ níbi púpọ̀ kọjá wákàtí 24, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún àwọn oníbàárà tó kàn ní nǹkan gbà-máà-bínú. Ènìyàn mélòó ló ti béèrè? Kàkà kí wọ́n béèrè, wọ́n á ní kí olè bá àwọn gbẹ̀san.

Àwọn mìíràn á ní àwọn tó ń la ọ̀nà ló ń gé èyí tó pọ̀, pé kí a lọ bá ìjọba wí. Òótọ́ ni pé katapílà àwọn kọngílá ń fa fáíbà tu bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́, ó sì yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ tijú. Ṣùgbọ́n àwọn kọngílá kò ṣiṣẹ́ nínú aginjù. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ ni wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, o rí ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí okùn gbà, o rí orúkọ ilé-iṣẹ́ lára ìdérí ihò rẹ̀, o sì dákẹ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n á gba owó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀, wọ́n á tún ti ọ̀nà òpó pa nígbà tí àwọn oníṣẹ́ bá wá tún un ṣe, pé owó àdúgbò kò tíì pé. Àdúgbò tó ti òpó pa ń ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ní ti àwọn tó ṣì ń sọ pé òpó ló ń fa àìsàn, bí wọ́n ṣe ní 5G ló mú kòrónà wá ní 2020, nígbà tí NCC ń sọ pé kò tíì sí ẹni tó ń ta 5G ní Nàìjíríà rárá, a kò ní fi àkókò ṣòfò lórí wọn.

Ó ku ẹni tó ń rà. Fáíbà kò ní bàbà nínú. Gíláàsì ni, kò sí oníṣòwò irin àlòkù tó máa fún olè ní náírà márùn-ún lórí rẹ̀, ìgbà tí olè bá sì gé e tán ló máa ń mọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì òpó ń rí ẹni rà á, sólà rẹ̀ ń rí ẹni rà á, ó sì wà lórí òrùlé àwọn kan tó ń ṣe ojú ayé. Bátìrì tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, tí kò ní rìsíìtì, tí wọ́n gbé wá lóru, kí ni o rò pé o ń rà? Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ẹ̀rọ Ayélujára ti 2015 sì sọ pé ẹni tó bá ba irú dúkìá bẹ́ẹ̀ jẹ́ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, láìsí àyè owó ìtanràn. Bí ẹ̀mí bá tìtorí rẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ẹ̀mí sì lè lọ. Ilé tó ń jó, tí wọ́n ń tẹ 112 tí kò dún, kò ní dúró de àtúnṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ sọ ọ́ nínú ìpàdé yín tó ń bọ̀ pé òpó àti okùn àdúgbò wà lábẹ́ ìṣọ́ ọlọ́dẹ bí tiransífọ́mà ti wà. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ lóru, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti Sífù Díféǹsì létí. Bí katapílà bá dé, kí ẹnì kan nínú yín fi ọwọ́ han awakọ̀ rẹ̀ ibi tí okùn gbà, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Bí àwọn oníṣẹ́ bá dé sí òpó, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ má ra ohun tí kò ní rìsíìtì. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó bá tún sọ pé ti ilé-iṣẹ́ ni, ẹ ní kí ó wo iye tó fi ra dátà lọ́dún 2024, kí ó wo iye tó fi ń rà á báyìí, kí ó wá sọ fún yín ti ta ni.