Owó Ilé-Iṣẹ́ Ńlá: Owó Ta Ni?



Nígbà tí ìjọba bá kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, rédíò máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ní ìjọba ti náwó. Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ yóò ríṣẹ́, ìlú yóò sì dàgbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i, wọn á lu ìlù, àwọn ìyá wa á jó, àwọn ọ̀gá á sọ̀rọ̀. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ bẹ́ẹ̀: owó ta ni wọ́n ná?

Ìjọba kò ní oko. Ìjọba kì í pàtẹ lọ́jà Kétu. Owó tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ó wà nínú owó ọjà tí àwọn ìyá wa ń san. Ó wà nínú owó ibodè tí wọ́n gbà lórí aṣọ àti lórí ìrẹsì kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. Tí èyí kò bá tó, ìjọba á yá owó. Owó tí ìjọba bá yá, àwa la ó san án, tàbí àwọn ọmọ wa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá Kútọnù nìkan. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé-iṣẹ́ méjì tó wà lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan wà ní Onigbolo, lágbègbè Ìpòbẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Pobè. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n kọ́ ọ fún, nítorí òkúta ẹfun wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Èkejì wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n gbin ìrèké sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ilẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò fún un, tí yóò fi ṣe ṣúgà.

Ní ọdún 1975 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ìjọba Nàìjíríà fẹnu kò lórí àwọn méjèèjì. Ní Onigbolo, tí a bá pín ilé-iṣẹ́ náà sí ọ̀nà 100, Bẹ̀nẹ̀ ní 51, Nàìjíríà ní 43, ilé-iṣẹ́ F.L. Smidth ti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì sì ní 6. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, Bẹ̀nẹ̀ ní 49, Nàìjíríà ní 46, ilé-iṣẹ́ Lonrho ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ní 5. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí i pé ó pé 100 níbi méjèèjì. Ẹ ó tún rí i pé ìpín àwọn àjèjì ló kéré jù. Nígbà tí èrè bá wà, èrè wọn kéré. Nígbà tí àdánù bá dé, àdánù wọn náà kéré. Ìjọba méjì ló gbé ẹrù tó wúwo, ìyẹn ni pé àwa la gbé e.

Èrò náà kì í ṣe èrò òmùgọ̀, a gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Nàìjíríà ń rí owó epo rọ̀bì gan-an nígbà náà. Wọ́n ń kọ́ ilé, wọ́n ń la ọ̀nà. Ní ọdún 1975 yẹn gan-an, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tó ru sìmẹ́ńtì tò sí ẹnu èbúté Èkó, wọn kò rí ibi já ẹrù sí. Ṣúgà náà ti wọ́n ní ọjà àgbáyé ní ọdún 1974 ju bí wọ́n ti ń tà á tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó rí èyí yóò sọ pé: "Ẹ jẹ́ ká ṣe sìmẹ́ńtì, ẹ jẹ́ ká ṣe ṣúgà, aládùúgbò wa yóò rà á."

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ Onigbolo láti ṣe 500,000 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ́dún. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1,000 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù kan jẹ́ àpò 20. Ẹ mú gègé: 500,000 lọ́nà 20 jẹ́ 10,000,000. Mílíọ̀nù mẹ́wàá àpò, lọ́dọọdún! Nígbà tí wọ́n ka gbogbo èèyàn Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1979, wọn kò ju nǹkan bí 3,300,000 lọ. Àpò mẹ́ta ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, ní ọdún kan ṣoṣo. Ta ni nínú yín tó ń ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ́dọọdún fún ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Tí Nàìjíríà kò bá rà á, kò sí ẹni tí yóò rà á tán. Ìṣirò yìí kò ju èyí tí a ń ṣe ní kíláàsì ìmọ̀wé lálẹ́ lọ.

Ilé-iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti ibodè. Ó wà ní títì títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti ní Ìpòbẹ́, ẹ mọ bí ìgbà náà ti rí. Ẹni tó ru àgbàdo lórí lè gba inú igbó kọjá. Ọkọ̀ tó ru sìmẹ́ńtì kò lè gba inú igbó. Nígbà tí wọ́n ṣí ibodè tán, kò pẹ́ tí owó náírà fi wálẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1986. Ọjà tí a fi fráǹkì ṣe wá wọ́n jù lójú ẹni tó ní náírà lọ́wọ́. Nàìjíríà sì ti ń ṣe sìmẹ́ńtì tirẹ̀ lẹ́bàá wa, ní Ewékorò láti ọdún 1960, àti ní Ṣàgámù láti ọdún 1978. Ní ti ṣúgà, ní ọdún 1985, iye rẹ̀ ní ọjà àgbáyé ti já wálẹ̀ débi pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó tó nígbà tó wọ́n jù ní ọdún 1974.

Ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n gbèsè kò dúró. Èyí ni ó yẹ kí a yé ara wa yékéyéké. Ká sọ pé ẹ yá 100,000 fráǹkì, pẹ̀lú èlé 10 lórí 100 lọ́dún. Èlé ọdún kan jẹ́ 10,000. Tí ẹ kò bá rí nǹkan kan san fún ọdún mẹ́wàá, èlé nìkan ti di 100,000. Ẹ yá 100,000, ẹ wá jẹ 200,000, a kò sì tíì ka èlé orí èlé. Bí gbèsè ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe nìyẹn, yálà ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n dín agbára fráǹkì CFA kù sí ìlàjì. Gbèsè tó kù tí a jẹ ní owó Faransé tàbí ní dọ́là wá di ìlọ́po méjì tí a bá kà á ní fráǹkì tiwa. Wọn kò yá wa ní kọ́bọ̀ kan sí i.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba yá owó ní àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba, wọn kò sì lè san án. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé ìfowópamọ́ ìjọba mẹ́ta ṣubú, títí kan èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ láti yá àgbẹ̀ lówó. Ẹni tó fi owó rẹ̀ síbẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kò sí owó. Tíṣà kò gba owó oṣù. Ní ọdún 1989, ìjọba Mathieu Kérékou lọ sọ́dọ̀ àwọn àjọ owó àgbáyé, ó sì gba àdéhùn líle tí wọ́n gbé fún un. Ní oṣù kejì ọdún 1990 ni Àpérò Gbogbo Orílẹ̀-èdè jókòó ní Kútọnù.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ Onigbolo àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan ló fa èyí, kí a má purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú rẹ̀. Ìjọba Ìyípadà ti sọ ní ọdún 1972 pé kí a gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara wa. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ilé-iṣẹ́ ńlá, owó ẹlòmíràn àti ọjà ẹlòmíràn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló sì wà. Ẹni tó bá dìde nípàdé láti béèrè ọ̀rọ̀ owó, wọ́n lè pè é ní ọ̀tá Ìyípadà.

Àwọn ará wa ní Tógò mọ irú rẹ̀. Iye òkúta fọ́sífétì wọn fò sókè ní ọdún 1974, ìjọba sì fi ìgbóná owó náà bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ irin sí Lómé ní ọdún 1979, láti máa yọ́ àlòkù irin. Àlòkù irin ilẹ̀ náà kò pẹ́ tó fi tán! Ní Tabligbo, Tógò, Gánà àti Kodifuwa jọ kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe èròjà sìmẹ́ńtì 1,200,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ní ọdún 1984 ó ti kógbá sílé, nítorí àwọn tó kọ́ ọ rí èròjà náà rà ní òkè òkun ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí sọ pé ilé-iṣẹ́ kò dára. Òkúta ẹfun Onigbolo kì í ṣe irọ́. Ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ aládàáni lẹ́yìn ọdún 1990, wọ́n sì ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2003, ìjọba fi ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ háyà fún àwọn ará Ṣáínà. Ìyá tó bá ń ta gàrí ń jèrè ju ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́ tútù lọ, gbogbo wa la mọ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá ń ta òwú àti kajú bí wọ́n ti bọ́ láti oko yóò máa wà ní ipò ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tútù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a ṣírò kí a tó náwó, kí àwọn tí yóò san gbèsè sì wà níbi ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ náà ti tún dé. Láti ọdún 2020, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Arise ń kọ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ kan sí Glo-Djigbé, nǹkan bí 45 kìlómítà sí Kútọnù, lórí 1,640 hẹ́kítà. Wọ́n ń hun aṣọ níbẹ̀, wọ́n ń fọ́ kajú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wọ ibẹ̀ ń rí ìdáríjì owó orí. Ìdáríjì owó orí náà, ìnáwó ni: owó tí ìjọba kò gbà lọ́wọ́ wọn, yóò wá a níbòmíràn.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba ti fòfin de títa kajú tí a kò tíì fọ́ sí òkè òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kajú ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi kajú yín ránṣẹ́ sí Íńdíà àti ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ nílé lè jọ díje lórí rẹ̀. Òfin yìí ti yọ ọ̀kan kúrò. Tí àwọn tó kù bá lówó, tí ẹ̀rọ wọn sì tó láti fọ́ gbogbo kajú náà, àgbẹ̀ yóò jẹun, àwọn ọmọ wa náà yóò ríṣẹ́. Tí kò bá tó, iye kajú yóò wálẹ̀. Fráǹkì mélòó kan tó bá dín lórí kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ fi ran ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìwé ètò ìnáwó ìjọba. Inú àpò àgbẹ̀ ló wà, ìyẹn ni kò fi rọrùn láti rí.

Ìjọba máa ń kéde iye tó kéré jù tí a gbọ́dọ̀ ra kílò kajú ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá iye náà, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí ẹ ti ń wọn kajú. Ìjókòó ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè lọ gbọ́. Ẹ rán ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ yín lọ, kí wọ́n béèrè: ta ni yóò ra kajú wa lọ́dún yìí, tọ́ọ̀nù mélòó ni ẹ̀rọ wọn lè fọ́, nígbà wo ni wọn yóò san owó? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí wọ́n kà á fún gbogbo ẹgbẹ́. Ní ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó ní ìwé kékeré kan nílé. Ìlà mẹ́rin ni kí ó fà sí i: ọjọ́ tí mo tà, kílò mélòó, iye kílò kan, orúkọ ẹni tó rà á.