Yàrá Kan, Àga Kan, Kẹ́ẹ̀gì Omi Kan

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń dá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dúró tí wọn kò fi bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, owó ni. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Mushin, tó ń ronú owó ilé, owó dátà àti owó ọkọ̀, kò ní ṣàdédé máa yọ owó jíìmù sílẹ̀ lóṣooṣù. Bó bá tilẹ̀ yọ ọ́, ìgbà wo ni yóò ráyè débẹ̀? Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá dúró títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ibùsùn ló mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí fi dá lórí ohun tó wà nínú ilé.

Àwọn kan rò pé nítorí àwòrán Instagram nìkan ni ènìyàn ṣe ń kọ́ ara lágbára. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí ọdún 30 lọ ni iṣan tí a kò lò ti máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀, àdínkù náà a sì máa yára sí i lẹ́yìn ọdún 60. Ọ̀dọ́ kì í tètè fura. Ìyá àgbà tí kò lè dìde lórí àga láìjẹ́ pé ẹnì kan fà á lọ́wọ́, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ, kò sì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí ìrìn rírìn.

Omi lítà 1, kìló 1 ni. Ẹni tó bá mọ èyí ti ní irin gbígbé nílé. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tó ti tán, ẹ bu omi kún un, ó di kìló 5, ó sì ní ibi tí a ń dì mú. Báàgì omi inú ọ̀rá, tó ní ọ̀rá 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, kìló 10 ni. Ní ojú tèmi, kẹ́ẹ̀gì tilẹ̀ sàn ju irin lọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ife omi kan péré lẹ lè fi kún un bí agbára bá ń pọ̀ sí i.

Àwa tí a lọ sílé ìwé nílẹ̀ yìí mọ ìlóṣòó gẹ́gẹ́ bí ìyà. Ó dunni pé wọ́n fi bà á jẹ́ lójú wa, nítorí pé mi ò mọ ìdárayá tó dára tó o fún itan àti ìdí. Ẹ gbé àga tí kì í yẹ̀ ti ògiri. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ fẹ̀ tó èjìká. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn, ẹ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ títí yóò fi kan àga, kí ẹ sì dìde láìfi ọwọ́ ti ohunkóhun. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Bó bá ti rọrùn, ẹ gbé àga kúrò. Bó bá tún rọrùn, ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà.

Èyí tó tẹ̀ lé e jọ ìdọ̀bálẹ̀, òun ló sì ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá, torí pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ògiri ní ọ̀gangan àyà, ẹ ká ìgúnpá títí àyà yóò fi súnmọ́ ọn, ẹ wá ti ara yín padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ sí etí tábìlì tó dúró gbọn-in, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn, kí ẹ tó dé ilẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìwúwo tó ń gbé ń pọ̀ sí i. Kí ìbàdí má ṣe rọ̀ bí okùn aṣọ tó dẹ̀.

Fún ẹ̀yìn, ẹ fi ọwọ́ òsì ti àga, ẹ tẹ̀ síwájú láìká ẹ̀yìn kò, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ìhà bí ẹni ń fa omi kànga. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ọwọ́.

Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 8 sí 12, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ tún un ṣe. Ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀ tó, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín, torí ìgbà ìsinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ni yín lára díẹ̀. Bí kò bá nira rárá, ara kò rí ìdí kankan láti yí padà. Ẹ máa mí síta nígbà tí ẹ bá ń gbé nǹkan sókè, nítorí pé dídá èémí dúró máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Ara ríro fún ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n bí oríkèé bá ń gún yín tàbí tí àyà bá ń dùn yín, ẹ dúró. Kí aláboyún àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Àwọn obìnrin kan ń bẹ̀rù pé ara wọn yóò rí bíi ti ọkùnrin. Èròjà testosterone, tó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi, kéré jọjọ lára obìnrin. Àbí, ta ló ti rí ìyá tó ń gún iyán lójoojúmọ́ tó wá di ọkùnrin?

Ẹ má ra ìyẹ̀fun alágolo tí wọ́n ń polówó. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀pà ní ohun tí iṣan ń fẹ́.

Ẹni tó bá ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó tẹ́ àkísà sábẹ́ kẹ́ẹ̀gì nítorí ará ìsàlẹ̀, kí ó sì rí i pé ìdérí rẹ̀ le dáadáa kó tó gbé e kọjá nítòsí ibùsùn.